Pèrègún Tó Wà Láàárín Pálọ̀ Wa

Ọdún méjì ni mo sọ fún màmá mi. A dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa n'Ímẹ̀kọ, àpótí mi ti wà nínú ọkọ̀, mo ní, "Màmá, ọdún méjì péré, mo ti dé." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ọdún méjì tiwa ni, àbí ti òyìnbó?" Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí irun yín náà ti ń funfun sí Houston, ẹ ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn, ẹ má wulẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ físà àti ọkọ̀ òfuurufú dá yín dúró. Gbogbo wa la gun ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, nítorí ooru Houston tó tilé, ó tún fi díẹ̀ lé e. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mi ò rí èèyàn. Mo rí ilé, mo rí mọ́tò, mo rí fíríwéè tó fẹ̀ bí odò tó kún àkúnya, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo fẹsẹ̀ rìn láti apátímẹ́ǹtì mi ní Sharpstown, mo fẹ́ ra búrẹ́dì. Ọlọ́pàá kan dá mi dúró, ó bi mí bóyá mọ́tò mi bàjẹ́. Mo ní mi ò ní mọ́tò. Ó bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ara mi yá, mo sì bi í léèrè àwọn ará ilé tirẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó rọra ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn títí mo fi dé ilé ìtajà, bí ẹni tó ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ.

Iṣẹ́ méjì ni mo ń ṣe. Mo ń ka ìtàn ní yunifásítì, mo sì ń ṣe ọlọ́dẹ. Ẹ má rò ó pé kùmọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́dẹ tó ń wọ táì ni mí, mo jókòó sídìí tábìlì kan nísàlẹ̀ ilé gíga kan lẹ́bàá fíríwéè tó lọ sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ epo kó ara wọn jọ sí. Ojú ọjọ́ inú ilé náà tutù bí ẹ̀yìn ẹja inú yìnyín. Iwájú tábìlì mi ni ìkòkò ńlá méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Obìnrin kan máa ń wá fi aṣọ tútù nu ewé igi inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí igi náà, mo dúró, mo wò ó. Pèrègún ni.

Ẹni tó bá ti oko wá kò ní béèrè ohun tí pèrègún méjì tó dojú kọra wọn ń wí. Ààlà ni. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ẹnì kan parí sí, ibẹ̀ ni ti ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ méjì ló jọ ń lo ìsàlẹ̀ ilé náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ yé mi. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹrù àwọn ará ọ̀tún wá, tó fẹ́ gbé e kọjá ìkòkò, màá na ọwọ́: "Ọ̀gá, ibẹ̀ yẹn kì í ṣe tiyín." Báyìí ni mo ṣe ń ṣọ́ ààlà tí kò sí, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, títí ọ̀gá tó ń mójú tó ilé náà fi sọ̀kalẹ̀ wá bi mí ìdí tí gbogbo páálí fi há sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àgùntàn tí òjò lé. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pèrègún fún un. Ó gbọ́ mi dé òpin, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀ṣọ́ la fi ṣe." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ṣùgbọ́n títí mo fi kúrò níbẹ̀, ara mi kì í balẹ̀ bí mo bá gba àárín wọn kọjá.

Ọ̀rọ̀ ààlà náà sì ni ìwé tí mo ń kọ ní yunifásítì. Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ilẹ̀ wa pín, Gẹ̀ẹ́sì wà l'Ékòó, Faransé wà l'Ájàṣẹ́. Ọ̀sà ló wà láàárín wọn. Orí ọ̀sà ni ọtí, tábà àti aṣọ ń gbà kọjá, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ gba owó bodè lórí ẹrù kan náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n na ara wọn. Dípò ìjà, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé ráńpẹ́ kan: ìwọ gba tìrẹ níbí, kí èmi gba tèmi lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sún ọ̀págun rẹ̀, títí àwọn àgbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Páríìsì yóò fi sọ ọ́ parí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó nígbà náà. Ó ní orúkọ Látìnì kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n mi, obìnrin kan tó máa ń fi okùn so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn, fẹ́ràn bí oyin. Èmi ń pè é ní "ká ṣì máa lò ó báyìí ná."

Nígbà tí wọ́n wá sọ ọ́ parí lóòótọ́, etí ibi tí àmì ìgbà díẹ̀ wà ni wọ́n ti fa ìlà wọnú ilẹ̀ lọ. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá màmá mi ṣì kéré nígbà náà. Ó sùn ní ọmọ Kétu, ó jí ní ọmọ Faransé, kò sì kúrò lórí ẹní.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó bi mí, "Níbo lo ti rí èyí?"

Mo ní, "Lẹ́nu màmá mi."

Ó ní, "Màmá rẹ kì í ṣe ìwé."

Mo fẹ́ sọ fún un pé bí ó bá rí bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́, láìṣi ọ̀kankan kà, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo pa ìlà náà rẹ́.

*

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pàdé Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ni, inú ṣọ́ọ̀bù tí a háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ kan lápá Fondren, tó fi jẹ́ pé bí a bá ń ké mímọ́, mímọ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń dá wa lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri. Mo wà lórí eékún lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ohùn Kétu gbàdúrà lẹ́yìn mi, ohùn gan-an bí ti àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi. Mo la ojú. Ọkùnrin gíga kan ni, ó jù mí lọ dáadáa. Nígbà tí a jáde, ó ń kó àwọn àga jọ, ó ń kà wọ́n ní Faransé.

Mo kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Kétu ni yín?"

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

"Ọmọ Ìmẹ̀kọ."

Ó kó àga sílẹ̀. Ó ní, "Á à, ará Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà wo lẹ máa dá oko wa padà?"

Láti ọjọ́ náà la ti di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ó ń yàwòrán ẹ̀rọ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga epo. Páríìsì ló ti kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń rọ́ bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, Faransé tèmi kò sì kọjá ti inú ìwé. Yorùbá ló gbà wá lọ́wọ́ àwọn òyìnbó méjèèjì.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, Houston yí padà lójú wa. Wọ́n ń kó iná kúrò ní àwọn àjà ilé tí mo ń ṣọ́, àjà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń pa àtùpà. Ilé iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú sọ fún un pé kí ó lọ jókòó sílé ná, fún ìgbà díẹ̀. Wọn ò lé e o. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n wí. Ó fi ilé tó ń gbé sílẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ wá sí apátímẹ́ǹtì mi, ó ní òun máa sùn lórí àga gígùn inú pálọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀."

Nígbà náà ni wọ́n ní kí a kó àwọn pèrègún náà dànù, nítorí pé kò sí ilé iṣẹ́ kankan mọ́ tó ń san owó obìnrin tó ń nu ewé. Mi ò lè gbà. A gbé ọ̀kan sẹ́yìn mọ́tò Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, ewé rẹ̀ yọ jáde lójú fèrèsé, ó ń mì lẹ̀lẹ̀ lórí fíríwéè bí ọba tó ń kí ìlú. A gbé e sí àárín pálọ̀. Apá ọ̀hún, níbi tí àga gígùn wà, di ilẹ̀ Faransé. Apá ibí, níbi tí tábìlì ìwé mi wà, di ti Gẹ̀ẹ́sì. Fìríìjì wà lọ́dọ̀ mi, sítóòfù wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a sì fẹnu kò pé ká ṣì máa lò ó báyìí ná, títí wọn ó fi pè é padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ tẹ̀ yẹn o."

"Ata ni mo wá ṣe fàyàwọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ ti ti bodè ni?"

"Ẹ fi dòdò méjì sílẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó kọjá."

"Gómìnà, ọ̀kan ni. Èkejì, máa retí ìdáhùn láti Páríìsì."

Báyìí la ṣe ń ṣeré, àgbà méjì. Ẹni tó bá ti dá nìkan jẹun rí ní ìlú onílùú, tó tan tẹlifíṣọ̀n kí ó lè gbọ́ ohùn èèyàn, á mọ̀ pé eré yẹn kì í ṣe eré.

*

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó jẹ́ ọdún tí ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, tí wọ́n sì ti gbogbo bodè pa kí ẹnikẹ́ni má baà kó owó wọlé.

Ó ní, "Màmá ò sí n'Ímẹ̀kọ."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n wọn ní abúlé bàbá wọn, lẹ́yìn Kétu. Bodè tì mọ́ wọn lọ́hùn-ún."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Màmá mi, tó máa ń sọdá bodè yẹn bí ẹni ń sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń gbé ẹ̀wà lọ, tí wọ́n ń gbé ẹja bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ojú wọn ńkọ́?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Dókítà ojú kan n'Abẹ́òkúta ti sọ fún wọn pé agbára omi tó wà nínú ẹyinjú wọn ti pọ̀ jù, pé ti òsì ti ń kú, pé bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ti ọ̀tún á tẹ̀lé e. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wọn. Òkú ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ lọ sin, kí àwọn tó wá lajú.

Láti ọjọ́ náà, àwàdà bodè kú nínú pálọ̀ wa. Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú dìde. Ó sún pèrègún náà sẹ́bàá ògiri, ó gbé foonu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá onífoonu Kutọ́nù sọ Faransé, ó ń gbóhùn sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, títí ó fi rí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá sọ̀rọ̀. Feróníìkì lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní Kutọ́nù, Sísì Feró là ń pè é. Sísì Feró wọkọ̀ lọ sí Kétu ní ọ̀sẹ̀ náà, ó wá màmá mi rí, ó sì mú wọn wá sídìí foonu ilé àwọn fádà.

Ohùn wọn jìnnà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ohùn ara mi á kọ́kọ́ padà wá bá mi kí tiwọn tó dé.

"Màmá, èmi ni. Láti Houston."

"Kí ló dé tí o ń pariwo? Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí."

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé dókítà ojú wà ní Kutọ́nù, níbi iṣẹ́ Sísì Feró, pé wọ́n lè ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Wọ́n ní, "Dókítà Abẹ́òkúta ti mọ ojú mi. Bodè á ṣí. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Sójà tó wà níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní, 'Màmá, ẹ ṣì lọ jókòó ná.'"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Kutọ́nù."

"Ta ló máa bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ṣé kí wọ́n fi Faransé la ojú mi ni? Bí mo bá ní ó ń dùn mí, ta ló máa gbọ́? Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀."

"Sísì Feró wà níbẹ̀."

"Ọmọ yẹn gbìyànjú, Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n màá dúró."

Foonu gé. Mo ṣì gbá a mọ́ etí. Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

*

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń kí àwọn ènìyàn pé ẹ káàárọ̀, mò ń ṣọ́ ilé tó ti ṣófo. Ẹnì kan ní Sharpstown bi mí pé báwo ni nǹkan, mo ní dáadáa ni. Ìlú yẹn kọ́ mi bí a ti ń sọ pé dáadáa ni láìdúró. Nílé, bí ìyá ẹnì kan bá ń fọ́jú, gbogbo agbolé á ti mọ̀ kí oòrùn tó yọ, olúkúlùkù á ti mú àgbo tirẹ̀ wá, ìwọ á tilẹ̀ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o sinmi. Níhìn-ín, mo gbé e káàkiri bí ẹrù tí kò sí ẹni tó lè bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ni mo ń kà ní ọjọ́ gbogbo. Mo ti ka àdéhùn ìgbà díẹ̀ títí ó fi sú mi. Mo mọ̀ pé kò sí èyí tó ní ọjọ́ ìparí tó dájú nínú wọn. Mo mọ̀ pé àwọn tó kọ wọ́n kú, pé ìwé náà ṣì wà. Mo mọ ohun tí "ẹ ṣì lọ jókòó ná" ń jẹ́. Kí sì ni ìmọ̀ wà fún, bí kò bá lè mú obìnrin kan wọkọ̀ láti Kétu lọ sí Kutọ́nù?

Sísì Feró tún pè. Ó ní òun na ọwọ́ sí Màmá lápá òsì, wọn ò rí i. Ó ní wọ́n ti ń fi ọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì, wọ́n sì ń díbọ́n pé ńṣe làwọn ń nu tábìlì.

Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Má bá wọn sọ ọ̀rọ̀ dókítà mọ́. Àgbà kì í gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Kí ni wọ́n mọ̀, tí ìwọ náà mọ̀?"

Mo wo ògiri. Pèrègún wà níbẹ̀ níbi tó sún un sí, ewé tuntun ti yọ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n tún mú Màmá wá sídìí foonu. Mi ò kí wọn púpọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ ìtàn pèrègún oko bàbá yín."

"Owó foonu tó ń lọ yìí, ìtàn lo fẹ́ gbọ́?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ti sọ fún mi láti kékeré ni. Bàbá wọn àti aládùúgbò oko rẹ̀ ń jà lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà wá, wọ́n gé ẹ̀ka pèrègún kan, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká fi èyí sàmì ná, títí ọba á fi rán èèyàn wá wọn ilẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ọba rán èèyàn wá?"

"Ọba wo? Ọba wàjà."

"Igi ńkọ́?"

"Ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Abẹ́ rẹ̀ lo ti máa ń ṣeré. Ó ga ju ilé lọ."

"Ta ló fà á tu?"

Mo gbọ́ ariwo òkun tó wà nínú wáyà náà, mo gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ ní ilé àwọn fádà.

Mo ní, "Màmá, pèrègún ni sójà yẹn rì mọ́lẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó ti rì í. Ẹ má dúró dè é kí ojú yín tó lọ."

Ohùn wọn dé, ó tutù.

"Ọkọ mi, ìwọ ńkọ́? Ọdún méjì tìẹ tí o rì mọ́lẹ̀ sí ibẹ̀ yẹn, ó ti di ọdún mélòó?"

Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga gígùn, dìde, ó lọ ṣí omi ẹ̀rọ sínú abọ́ tí kò dọ̀tí.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Màá lọ sí Kutọ́nù. Ṣùgbọ́n bí mo bá lajú, ìwọ ni mo fẹ́ rí."

Mo ní, "Ẹ máa rí mi, Màmá."

*

Ìdí tábìlì ibi iṣẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú ti pè mí. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ó ní ojú òsì ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ojú ọ̀tún dúró. Ó ní Màmá ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà ní Yorùbá, pé àwọn nọ́ọ̀sì sì ti ń fèsì, nítorí pé ìdajì wọn ni ìyá wọn ti Kétu tàbí Pobẹ̀ wá. Mo fi orí lé orí tábìlì. Àlejò kan wọlé, ó fẹ́ kọ orúkọ. Mo na pẹ́ńsùlù sí i láìgbórí sókè.

Mo kọ ìtàn pèrègún yẹn sínú ìwé mi, mo dá ìlà tí mo ti pa rẹ́ padà síbẹ̀, mo kọ ọ́ gún régé, mi ò pa ìlà kan rẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó jẹ́ kí ó rọ̀ mọ́ okùn ọrùn rẹ̀. Ó bi mí bóyá màmá mi lè jẹ́ kí n fi orúkọ wọn síbẹ̀. Mo ní màá bi wọ́n. Mo bi wọ́n lóòótọ́. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi orúkọ àwọn ṣe nínú ìwé tí àwọn ò lè kà; lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n má gbàgbé láti fi oríkì wọn kún un.

Ṣùgbọ́n ìlérí wà nílẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi kò dára tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá jáde, kò sí ẹni tó ṣèlérí fún mi pé màá rọ́nà wọlé padà, ìwé ìtàn náà kò sì tíì parí. Mo ní kí n parí rẹ̀ ná. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí èmi náà gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú gbọ́ ọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pè é padà, ó sì ti ra bẹ́ẹ̀dì.

Mo wá ronú pé bí n kò bá lè lọ, kí fọ́tò mi lọ. Mo wọ agbádá kan ṣoṣo tí mo ní, mo dúró sínú pálọ̀, Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú ní kí n sún díẹ̀, kí n sún sí i, kí n má ṣojú bí ọlọ́dẹ. Ó yà mí. A fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó.

Nígbà tí ìjọba wá ṣí bodè lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, màmá mi rìn ín kọjá lójú ọ̀sán, wọ́n sì padà sí Ìmẹ̀kọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lọ kí ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, àárọ̀ Sátidé ni foonu dún.

"Mo rí fọ́tò rẹ," ni wọ́n wí. "O ti sanra. Kí ni obìnrin ibẹ̀ ń fún ọ jẹ?"

"Màmá, ọkùnrin ló ń se oúnjẹ fún mi. Ọmọ Kétu ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó kí mi lórí foonu. Ojú kan tí mo ní yìí, ó ríran o. Mo ń rí bọ́tìnnì ọrùn rẹ. Igi wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn?"

Mo wo ẹ̀yìn mi. Ó ti ga dé èjìká mi. Gbòǹgbò rẹ̀ ti la ìkòkò ní ìdí, ó ti ń wá ọ̀nà lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Pèrègún ni. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ló wà, Màmá. A kàn gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni."

Wọn ò bínú, wọn ò sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Máa bomi rin ín."